Láti Ẹnu Ọ̀nà Dé Ìdí Kànga

Láti ìgbà tí fóònù ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ aago,
bàbá mi kò rẹ́ni tún aago fún mọ́ ní Tákíì.
Awò kékeré tó máa ń há sójú ṣì wà níbẹ̀,
ẹ̀mú tín-ín-rín ṣì wà,
ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ṣì wà, kò ríṣẹ́ ṣe.

Ìyẹn ló fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan mọ́tò.

Kì í ṣe mọ́tò alágolo tí ọmọdé ń fi okùn fà o.
Mọ́tò àsápajúdé ni,
táyà ẹ̀yìn ràgàjì, ti iwájú kò ju bọ́tìnnì lọ,
imú gùn, ìdí ga,
ẹ́ńjìnnì yọrí jáde lójú bọ́nẹ́ẹ̀tì
bí ọmọ tó ń yọjú wo àlejò lójú fèrèsé.
Dókítà òyìnbó kan ní ọsibítù Onítẹ̀bọmi
ló fi ojú ìwé ìròyìn kan di aago wá nígbà náà lọ́hùn-ún.
Bàbá mi tún aago, ó dá a padà.
Kò dá bébà padà.

Ọ̀kan nínú márùndínlọ́gbọ̀n ló fi wọ̀n ọ́n.
Ó ní ìdámẹ́rin máìlì tí wọ́n ń sá lọ́hùn-ún,
bí a bá sọ ọ́ di kékeré bẹ́ẹ̀,
láti ẹnu ọ̀nà wa dé ìdí kànga ni.
Ó fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kúrò lọ́nà.

Agolo mílíìkì ni ara rẹ̀,
ó fi òòlù wẹ́rẹ́ lù ú títí ó fi tẹ̀
bí èjìká àgbò tó fẹ́ kàn.
Bébà fàdákà inú páálí sìgá ni bọ́ńpà
(kò mu sìgá rí, gáréèjì ló ti ń ṣà á nílẹ̀;
díákónì wa bá a níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, ọ̀rọ̀ di ìpàdé).
Kútẹ́ẹ̀sì mi pupa ló fi kùn ún, ìpele mẹ́fà,
ó ń fi ọṣẹ ìfọyín ra á kó tó kun òmíràn,
títí mo fi rí imú ara mi lára ilẹ̀kùn.
Èékánná lásán ni mo gbé lọ síbi ìgbéyàwó Mọ́rádéún.
Ó tú wáyà iná, ó yọ ẹyọ kan nínú rẹ̀,
ó gé e sí mẹ́jọ fún pulọ́ọ̀gì.
Mo sín. Ọjọ́ méjì la fi wá ẹ̀kẹjọ nílẹ̀.

Aago tó ń ka eré ló kù.

Aago Tísà Oyèlàmí ti wà nínú dúrọ́ọ̀ fún ọdún mẹ́ta.
Kò wá, kò ránṣẹ́.
Ó ní ojú kékeré kan nínú ojú ńlá,
ibi tí ọwọ́ tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá ti ń dá yí tirẹ̀.
Bàbá mi wò ó. Ó pa dúrọ́ọ̀ dé. Ó tún ṣí i.
N kò sí níbẹ̀ nígbà tó yọ ọ́,
inú mọ́tò ni mo ti rí i.
Ó tóbi jù díẹ̀. Kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Tísà yọ, ó ń tiro.
"Kàdúná ni ọmọ mi gbé mi lọ, ẹsẹ̀ ni. Aago mi ńkọ́?"

Bàbá mi kò fọhùn.
Ó yọ awò lójú ara rẹ̀, ó fi há Tísà lójú,
ó gbé mọ́tò síwájú rẹ̀.
Tísà wò ó, wò ó.
"Ṣé ó ń ṣiṣẹ́?"
"Ẹ yí táyà ẹ̀yìn."
Tísà fi ìka kan yí i.
Ọwọ́ tó ti kú lọ́dún mẹ́ta gbéra.

"Ẹ kò ní san owó àtúnṣe," bàbá mi wí.
"Ta ló ń sọ tèmi? Ìwọ lo máa san owó aago."
Wọ́n fà á títí ilẹ̀ fi ṣú.

Báyìí, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì,
Tísà á jókòó sórí àpótí nídìí kànga,
á na ẹsẹ̀ tó ń dùn ún.
Bàbá mi á ti mọ́tò láti ẹnu ọ̀nà.
Ó máa ń yà sósì, níbi tí sìmẹ́ńtì ti là.
Kò tíì dé ọ̀dọ̀ Tísà rí.
Èmi ni mo ń gbé e dé ibẹ̀,
wọ́n á sì jọ pariwo mọ́ mi
pé kí n má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn.